Bí èèyàn ṣe ń di mátírọ́ọ̀nù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìyá tó ń mójú tó ilé lọ. Á ka aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, á ṣọ́ àwọn tó ń dáná àtàwọn tó ń fọ ilẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1860 ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Sarah Wardroper, mátírọ́ọ̀nù ibẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Nightingale fẹ́ kí gbogbo nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ obìnrin kan, kó má jẹ́ dọ́kítà ni yóò máa gbà wọ́n tàbí lé wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwòsàn ni mátírọ́ọ̀nù ń jábọ̀ fún. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá.

Àtisàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gun àkàbà náà. Ọmọbìnrin á mú ìwé ẹ̀rí ìwà rere wá, mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ á sì wò ó látòkè délẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò. Bí kò bá yẹ, á palẹ̀ ẹrù mọ́. Bí ó bá yẹ, á kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, á di nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà á di sísítà tó ni wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Láwọn ilé ìwòsàn kan, orúkọ wọ́ọ̀dù náà ni wọ́n fi ń pè é, bí a ṣe ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá. Ẹni tó bá tún ju sísítà lọ lè di igbákejì mátírọ́ọ̀nù, tàbí kó lọ gba ipò mátírọ́ọ̀nù ní ilé ìwòsàn kékeré kan kó tó dé ti ńlá.

Eva Luckes kò pẹ́ lórí àkàbà yìí rárá. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó di mátírọ́ọ̀nù ní London Hospital, ní Whitechapel, ní 1880. Ẹnu iṣẹ́ náà ni ikú bá a ní 1919. Ní 1895, ó ṣí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Tredegar House, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tuntun ti ń kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Edith Cavell, tí àwọn ọmọ ogun Jámánì yìnbọn pa ní Brussels ní 1915, wà lára àwọn tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí mátírọ́ọ̀nù bá ń yí wọ́ọ̀dù ká lojú ń rí màbo. Kí ó tó dé, táyà ẹsẹ̀ gbogbo bẹ́ẹ̀dì ti gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà, ẹnu àpò ìrọ̀rí á kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, aṣọ ìbora á sì nà gbọnrangandan. Aláìsàn náà kò gbọdọ̀ ba aṣọ jẹ́!

Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, ìgbéyàwó máa ń lé mátírọ́ọ̀nù kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ọdún 24 ni Ethel Manson nígbà tó di mátírọ́ọ̀nù ní ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní 1881. Ní 1887 ó fẹ́ dọ́kítà kan, Bedford Fenwick, ó sì fi ipò sílẹ̀. Kò jókòó sílé o. Ó jà fitafita kí òfin lè máa forúkọ nọ́ọ̀sì tó bá yege ìdánwò sílẹ̀. Luckes ta kò ó: lójú tirẹ̀, ìdánwò kò lè wọn ìwà. Òfin náà jáde ní oṣù Kejìlá 1919, lọ́dún tí Luckes kú gan-an, orúkọ Ìyáàfin Fenwick ló sì ṣáájú nínú ìwé orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì.

Nípasẹ̀ ètò ìkọ́ṣẹ́ kan náà tí Nightingale dá sílẹ̀ ni Kofoworola Abeni Pratt fi kọ́ṣẹ́ ní St Thomas' lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tó sì wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe mátírọ́ọ̀nù UCH ní Ìbàdàn.

Ní 1966, ìròyìn ìgbìmọ̀ Salmon dá a lábàá pé kí wọ́n fi onírúurú ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ìpele lórí ìpele, rọ́pò mátírọ́ọ̀nù. Bí orúkọ náà ṣe pòórá nìyẹn. Àwọn aláìsàn ò gbàgbé rẹ̀ ṣá. Nígbà tí ariwo ìdọ̀tí wọ́ọ̀dù pọ̀, ìjọba dá mátírọ́ọ̀nù padà ní 2001. Wọ́ọ̀dù mélòó kan péré ni ti ìsinsìnyí ń mójú tó, ìmọ́tótó sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́.