Bí ilé àtijọ́ ṣe ń wọ ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà, àti ibi tí agbára ìwé náà mọ

Ní Eldon, ìlú kékeré kan ní káúńtì Wapello (káúńtì jẹ́ ẹ̀ka ìpínlẹ̀, bí ìjọba ìbílẹ̀), ìpínlẹ̀ Iowa, ilé onípákó funfun kan wà tí fèrèsé òkè rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún 1881 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ilé mẹ̀kúnnù lásán sì ni. Ní 1930, ayàwòrán Grant Wood rí fèrèsé yẹn, ó sì fi ilé náà ṣe ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ tí ayé mọ̀ sí American Gothic. (Àbúrò rẹ̀ obìnrin àti dókítà eyín rẹ̀ ló yà sí iwájú ilé náà, àmọ́ wọn ò dúró níbẹ̀ fún un.) Ní 1974, wọ́n kọ ilé náà sínú National Register of Historic Places, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń kọ orúkọ ilé àti ibi àtijọ́ tó ṣe pàtàkì sí.

Òfin ọdún 1966 ló gbé ìwé yìí kalẹ̀ bó ṣe wà lónìí, National Park Service, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọgbà orílẹ̀-èdè, ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe Washington ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Onílé tàbí ẹgbẹ́ onítàn àdúgbò ló máa ń tú ìwé ilẹ̀ ní káúńtì, tí wọ́n á wá máàpù àti ìwé ìròyìn àtijọ́, tí wọ́n á ya fọ́tò, kí wọ́n tó kọ fọ́ọ̀mù. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá gbà á wọlé, ó di ọ̀dọ̀ Park Service, tó ní ọjọ́ 45 láti dáhùn. Bí onílé bá kọ̀, wọn ò ní kọ orúkọ ilé rẹ̀ sí i.

Ilé náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ó gbọ́dọ̀ ní ìdí pẹ̀lú: ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì, èèyàn pàtàkì, iṣẹ́ ọnà ìkọ́lé, tàbí ìmọ̀ tó ṣì lè jáde láti inú ilẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀kan tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé abúlé ti ń já ni ìbéèrè bóyá ó ṣì jẹ́ ara rẹ̀. Ilé tí bàbá àgbà kọ́ lè ní ìtàn tó pọ̀ jaburata, àmọ́ bí àwọn ọmọ bá ti fi ike bo pákó ara ògiri, tí wọ́n yọ fèrèsé onígi, tí wọ́n sì dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú pa, ọ̀rọ̀ lè bẹ́yìn yọ. Ilé tí wọ́n ṣí kúrò lójú ibi tó wà náà kì í sábà yege. Ní káúńtì Madison, ní Iowa kan náà, ẹnì kan dáná sun afárá onípákó Cedar, tí wọ́n kọ́ ní 1883, ní 2002. Wọ́n tún un kọ́, iná tún jó o ní 2017. Èyí tó dúró níbẹ̀ báyìí rẹwà, àmọ́ àwòkọ ni.

Ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé ilé tó wà nínú ìwé yìí, onílé lè fi owó ara rẹ̀ wó o palẹ̀ láìsí ẹni tó máa mú un, àfi bí òfin ìlú tàbí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá kà á léèwọ̀. Ìjọba àpapọ̀ gan-an ni ìwé náà ń dè: bí owó tàbí ìwé àṣẹ rẹ̀ bá wà nínú iṣẹ́ kan, bíi ṣíṣe títì, ó di dandan kó kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí ilé yẹn. Ẹ̀dínwó owó orí náà wà, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe, àmọ́ ilé tó ń mówó wọlé nìkan ló wà fún. Abà tí àgbẹ̀ ń lò fún òwò rẹ̀ lè jẹ nínú rẹ̀. Ilé tí òun àti ìyàwó ń sùn kò lè jẹ ẹ́. Lójú tèmi, èyí ló ń pa káúńtì olóko lára jù.

Ilé Eldon rí olùgbàlà lọ́nà mìíràn: ní 1991, onílé fi ta ẹgbẹ́ onítàn ìpínlẹ̀ Iowa lọ́rẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ yọwọ́ nínú ilé rẹ̀ lè ṣe àdéhùn sínú ìwé ilẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí ojú ilé náà padà. Bó bá tà á, àdéhùn náà á tẹ̀ lé ilé lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á.