Ìlà kọ́ńtọ̀: bí òkè ṣe ń wọ inú bébà

Ẹ tẹ́ máàpù orienteering síwájú yín, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi máàpù àti kọ́ńpáàsì wá àsíá funfun-òun-ọsàn kiri inú igbó, yálà lẹ́sẹ̀ tàbí lórí kẹ̀kẹ́. Ohun tó máa ń pọ̀ jù lórí rẹ̀ ni àwọn ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ búráùn tó ń lọ́ bí òwú tó já bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ. Ẹ má pè wọ́n lọ́nà, ẹ má pè wọ́n lódò. Bí ẹ bá dénú igbó náà, ẹ ò ní rí ọ̀kankan nínú wọn nílẹ̀. Kọ́ńtọ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Gbogbo ibi tí kọ́ńtọ̀ kan bá gbà, ìwọ̀n kan náà ló fi ga ju òkun lọ. Ẹni tó bá lè tọ̀ ọ́ láìyà, kò ní gòkè, kò sì ní sọ̀kalẹ̀.

Ilé ìdáná lèèyàn ti lè rí i dáadáa. Ẹ wá ọ̀dùnkún kan tó rí gbágungbàgun, ẹ là á sí méjì ní gígùn, kí ẹ da ojú tí ẹ là délẹ̀ nínú abọ́ tó jìn. Ẹ fi ìka tẹ orí rẹ̀ kó má léfòó. Ẹ bu omi sí i kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìlà yí ọ̀dùnkún ká níbi tí ojú omi bá a dé. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1 mìíràn kún un, ẹ tún fa ìlà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe títí omi yóò fi bò ó lórí. Ẹ wá da omi nù, ẹ dìde dúró, ẹ fi ojú kan wò ó láti òkè. Máàpù lẹ̀ ń wò yẹn. Níbi tí ara ọ̀dùnkún ti dà ṣánṣán, àwọn ìlà fún mọ́ra. Níbi tó ti rọra tẹ́, wọ́n jìnnà síra. Síbẹ̀, ìga kan náà ló wà láàárín ìlà kan àti èkejì níbi gbogbo.

Òkè kan wà ní Scotland tó ń jẹ́ Schiehallion, 1,083 mítà ni ìga rẹ̀. Lọ́dún 1774, Nevil Maskelyne, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, kó irinṣẹ́ lọ síbẹ̀ kó lè ti ara òkè náà mọ bí ayé ṣe wúwo tó. Charles Hutton, onímọ̀ ìṣirò, ni iṣẹ́ ìṣirò já lé léjìká. Nọ́ńbà ìga ilẹ̀ kún bébà níwájú rẹ̀ lọ súà, ojú ò sì rí nǹkan kan mú nínú wọn, àfìgbà tó fi ìlà so àwọn ibi tí ìga wọn bára mu pọ̀. Àwọn kan ti fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ sàmì jíjìn odò ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Hutton tó jáde ní 1778 wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa lò ó fún òkè.

Lórí máàpù orienteering, mítà 5 ló sábà máa ń wà láàárín kọ́ńtọ̀ kan àti èkejì. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ jù, wọ́n lè sọ ọ́ di mítà 2.5. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí etí máàpù, ẹ kà á kí ẹ tó gbéra. Ìlà kan nínú márùn-ún máa ń nípọn ju àwọn yòókù lọ kí kíkà lè yá: láti ìlà nínípọn kan dé èkejì, mítà 25 nìyẹn. Ìlà tó ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín méjì kì í ṣe kọ́ńtọ̀ gidi. Ẹni tó ya máàpù fi í sí i kí gegele kékeré kan má baà sá mọ́ wa lójú ni, nítorí náà ẹ má kà á mọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Lórí máàpù 1:10,000, mìlímítà 1 jẹ́ mítà 10 nílẹ̀. Bí ìlà méjì bá fi mìlímítà 5 jìnnà síra, ẹ ó gun mítà 5 láàárín mítà 50, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹlẹ́sẹ̀ á sáré gùn ún. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á dín jíà kù, á sì gùn ún bí ilẹ̀ bá gbẹ. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 2, ìdá márùndínlọ́gbọ̀n ni, a ó sì máa ti kẹ̀kẹ́ nìyẹn bí ẹrẹ̀ bá wà. Mìlímítà 1 péré? Ọwọ́ ló kù ká fi máa di igi mú.

Ìrísí ṣòro ju kíkà lọ. Èjìká òkè, ìyẹn ibi tí ara òkè ti yọ síta, àti àfonífojì kékeré jọra lórí bébà bí ìbejì: àwọn méjèèjì ni kọ́ńtọ̀ wọn máa ń tẹ̀. Bí ibi tó tẹ̀ bá nà sí ìsàlẹ̀, èjìká ni. Bí ó bá nà sókè, àfonífojì ni. Báwo lẹ ó ṣe wá mọ ìsàlẹ̀? Ẹ wá àwọ̀ búlúù: omi kì í gun èjìká, inú àfonífojì ló ń gbà. Bí kò bá sí omi nítòsí, ẹ wá igi ṣóńṣó kékeré kan tó yọ lára kọ́ńtọ̀. Ibi tó bá kọjú sí ni ìsàlẹ̀. Bí igi náà bá kọjú sínú ìlà tó yípo, kòtò nìyẹn, kì í ṣe orí òkè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń wá òkè títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìgbà òtútù ni ìmọ̀ yìí ń sanwó rẹ̀ ní Bìrìtìkó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewéko bracken máa ń ga dé èjìká ènìyàn, ewé igi á dí ojú, a ò sì ní rí bí ilẹ̀ ṣe rí ní mítà 30 síwájú. Tó bá di oṣù Kejìlá, bracken ti kú bolẹ̀, igi ti wà ní ìhòòhò, gbogbo ara òkè á sì hàn gbangba. Ṣùgbọ́n ewé tó já ti bo ọ̀nà ẹsẹ̀ kéékèèké mọ́lẹ̀. Bí yìnyín bá tún wá bò ó, ọ̀nà, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ àti etí àbàtà á di ọ̀kan náà. Ẹni tó gbára lé ọ̀nà nìkan á ha. Èjìká òkè ṣì wà níbi tó wà.

Ẹ wo ìpinnu kan tó sábà ń yọjú. Àsíá wà lẹ́yìn òkè. Bí ẹ bá gbà á kọjá tààrà, mítà 800 ni, ẹ ó sì gun ìlà 8, ìyẹn mítà 40. Bí ẹ bá gba ọ̀nà tó yí òkè po, mítà 1,150 ni, ẹ ò sì ní gun òkè rárá. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé mítà 1 sókè tó mítà 10 lórí ilẹ̀ títẹ́, nítorí náà ọ̀nà tààrà di 1,200. Ìyàtọ̀ ò pọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó rin gbingbin, tàbí lálẹ́, ẹ yí i po. Ti kẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn, torí táyà ẹ̀yìn á kàn máa yí lójú kan nínú ẹrẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1968 ló fún kẹ̀kẹ́ láyè lórí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní bridleway, bó bá ti lè yàgò fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lásán kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà kí ẹ tó ka ìlà, ẹ wo irú ọ̀nà tó jẹ́.

Ẹ má ṣe fi ìga ibi tí ẹ wà yọ kúrò nínú ìga ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ sì ní ó parí. Láti 100 dé 120, mítà 20 ló jọ. Bí àfonífojì tó jìn tó ìlà 3 bá wà láàárín, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ mítà 15, ẹ ó sì gun 35. Orí ìdúró ni kí ẹ ti ṣe ìṣirò yìí. Máàpù wà lórí pátákó lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, lóòótọ́, àmọ́ ìlà tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kà nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń fò lórí gbòǹgbò igi.

Àṣìṣe tó ń jẹ àkókò jù ni kí àfonífojì méjì jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kéèyàn wọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Á rí omi, á rí òkúta, á ní ó ti débẹ̀, àsíá nìkan ni kò sí. Bí ẹ bá ti wọ ibi kan, ohun tí kò bá máàpù mu ni kí ẹ wá. Ẹ fi kọ́ńpáàsì wo ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Ẹ ka ìlà tó kù dé orí òkè. Èkejì ni yíyẹ̀ sísàlẹ̀: ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè lórí ewé tútù máa ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì gba ìsàlẹ̀ gbogbo igi tó wó, bẹ́ẹ̀ ni ìlà kan tàbí méjì á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀. Apá òkè igi tó wó ni kí ẹ máa gbà.

Ilẹ̀ á sì tètè ṣú. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí oṣù Kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kò pé wákàtí 8, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì orí kì í wọ́n lórí àwọn eléré yìí. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń ti iwájú orí wá ń pa òjìji rẹ́, gbogbo ilẹ̀ á sì dà bí pẹpẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àfonífojì ṣe jìn tó, ẹ bọ́ tọ́ọ̀ṣì náà lórí, ẹ gbé e sí ìbàdí, kí ẹ tàn án lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́: òjìji á jáde, kòtò á sì yọ ẹnu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo máàpù.