Ṣé kí n gba kernel tuntun ni, àbí kí n dúró sórí èyí tí mo ní?

Ìbéèrè: Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Ìsánlú ni mo wà. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ni mò ń lò, Ubuntu 22.04 (irú Linux kan) ló wà lórí ẹ̀. Mo tẹ `uname -r` láti mọ nọ́ńbà kernel rẹ̀, ó gbé 5.15 jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kàbà ní 6.8 ni tòun. Ṣé kí n gba 6.8 náà?

Ìdáhùn: Ọ̀kún, àbúrò. Kí ni láptọ́ọ̀pù rẹ kọ̀ tí kò ṣe? Bí Wi-Fi bá ń mú, tí ohùn ń jáde, tí o pa á dé tó sùn, tí o ṣí i tó jí, fi dátà rẹ ṣe nǹkan mìíràn. Kernel ló ń bá irin inú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, dráífà ẹ̀rọ tuntun (ètò tó ń jẹ́ kí kernel lè lo ẹ̀rọ náà) sì ni èrè tó pọ̀ jù nínú kernel tuntun. Wo Wi-Fi Realtek RTL8852BE: orí 6.2 ni dráífà rẹ̀ ti wọ inú kernel. Ẹni tó ní in, tó wà lórí 5.15, lè wá Wi-Fi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Irú wọn ni mo ń sọ fún pé kí wọ́n gba 6.8 lónìí.

Ìbéèrè: Ṣé kernel àtijọ́ kò ní ṣílẹ̀kùn fún olè orí kọ̀ǹpútà?

Ìdáhùn: Rárá, bí o bá ń gba àtúnṣe rẹ̀. Ubuntu ṣì ń tún 5.15 ṣe títí di 2027. Ní 2022, àléébù tí wọ́n pè ní Dirty Pipe ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù. Orí 5.8 ló ti wọlé. Kò kan ẹni tó wà lórí 5.4. Àtúnṣe kékeré ló sì wo ìlà 5.15 sàn, kò di dandan kéèyàn kúrò níbẹ̀. Àtúnṣe yẹn ni kí o má fi falẹ̀.

Ìbéèrè: Bí mo bá gbà á, tí kò tàn mọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹnì kan gbé tirẹ̀ wá bá mi láti Mọ̀pà. Bátìrì rẹ̀ ti kú, iná ògiri ló ń lò, NEPA sì mú iná lọ nígbà tí `update-initramfs`, ìgbésẹ̀ tó ń to fáìlì tí kernel tuntun fi ń jí, ṣì ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́tà funfun lórí dúdú ló kù: kernel panic, ìyẹn ni pé kernel ti dákú. Àyà rẹ̀ ti já. Mo tẹ Esc bó ṣe ń jí, mo wọ Advanced options nínú àtòkọ tó yọ, 5.15 ṣì jókòó síbẹ̀. Mo yàn án, ó tàn. Mo tẹ `sudo dpkg --configure -a`, ó parí iṣẹ́ tó dá dúró.

Nítorí náà, jẹ́ kí bátìrì kún kí o tó tẹ `sudo apt install linux-generic-hwe-22.04` tó máa gbé 6.8 wá, má sì yọ 5.15 kúrò títí tí wàá fi lo tuntun fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.