Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Ti Jókòó Tán, Wáyà Rẹ̀ Ló Kù

Mẹkáníìkì lè fi ọjọ́ méjì yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kúrò nínú bọ́ọ̀sì tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, kó sì gbé tòkunbọ̀ dísẹ́ẹ̀lì sí i. Lẹ́yìn náà ni wàhálà mìíràn á wá dé: ọkọ̀ ń dún "kẹ́, kẹ́" kò yí, tàbí ó ń yí kò gbiná, tàbí kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ tán kó kọ̀ kò kú. Kíá ni wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì náà ò dáa, wọ́n á fẹ́ tú pọ́ǹpù epo. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú nǹkan kan kí ríwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tó fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ẹ tó so wáyà kankan, ẹ ka ohun tó wà lára kíkì sítátà (tó ń yí ẹ́ńjìnnì) àti alternator (tó ń cháàjì bátìrì): ṣé 12V ni àbí 24V? Àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan wà, pàápàá èyí tó bọ́ lára ọkọ̀ akẹ́rù, tó jẹ́ 24V. Kíkì 24V lórí bátìrì 12V á máa yí tìkọ̀tìkọ̀. Alternator 24V ní tirẹ̀, ńṣe ló máa se omi bátìrì yín gbẹ.

Ìdí earth, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ni àìsàn tó pọ̀ jù máa ń wà. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà ò sì ń gbé iná. Bí wọ́n bá gbàgbé láti dá wáyà earth padà lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, iná tó yẹ kó padà sí bátìrì á máa wá ọ̀nà míì gbà, kódà á gba inú kébù accelerator tàbí ti kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí kébù bẹ́ẹ̀ tó ń gbóná tàbí tó ń rú èéfín nígbà tí ẹ ń sítáàtì ọkọ̀, ẹ má wá ìdí ọ̀rọ̀ lọ síbòmíì. Kíkì dísẹ́ẹ̀lì lè fa iná tó ju 200A lọ, wáyà tó tó ti bẹntiróòlù ò lè gbé e. Ẹ lo kébù 50mm² láti orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì wá sí ara ẹ́ńjìnnì, nítòsí bóòtù tó di kíkì mú, kí ẹ sì fi òmíràn so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáṣì. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà àti ìpẹtà ibẹ̀ títí irin á fi dán.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó dáa nìyí. Ẹ gbé mítà sí DC volt, ẹ fi ẹnu dúdú kan orí òjé nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì gan-an, ẹ má fi kan ojú kébù. Ẹ fi ẹnu pupa kan ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan sítáàtì. Bí ó bá ju 0.5V lọ, earth yín ò dáa. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ kejì náà, láti orí pọ́sítíìfù dé bóòtù ńlá ara kíkì. Bátìrì fúnra rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 9.6V bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí.

Bí ó bá ń yí dáadáa tí kò gbiná ńkọ́? Solenoid kékeré kan wà lórí pọ́ǹpù tó ń ṣílẹ̀kùn fún epo. Bí iná ò bá dé ibẹ̀, epo ò ní kọjá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n so ó mọ́ wáyà rédíò, èyí tí iná rẹ̀ máa ń lọ gẹ́lẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá dé "start". Wáyà tó níná ní "on" àti "start" méjèèjì ni ẹ fẹ́. Wáyà àtijọ́ tó ń gbé iná lọ sí coil, ohun tó ń ṣe iná plug fún ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n ná, torí nínú ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn resistor tó ń dín iná kù wà lójú ọ̀nà rẹ̀, iná tó máa dé ìsàlẹ̀ ò ní tó 12V. Láti mọ̀ bóyá solenoid yè, ẹ fi wáyà láti pọ́sítíìfù bátìrì fọwọ́ kàn án lórí: ó gbọ́dọ̀ dún "kẹ́".

Èyí tó kọ̀ tí kò kú, iná lè máa gba ẹsẹ̀ alternator tí wọ́n kọ L sí, kó gba inú gílóòbù àmì bátìrì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó padà sídìí solenoid. Ẹ fi diode 1N4007 kan, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, sójú wáyà L, kí ìlà ara rẹ̀ kọjú sí ọ̀dọ̀ alternator. Ẹ má yọ gílóòbù yẹn dànù o. Iná tó ń gba inú rẹ̀ ló ń jí alternator. Bí kò bá sí, ó lè má cháàjì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.8V sí 14.4V ni kí ẹ rí lórí bátìrì. Ẹ má sì dá a lábàá láti fi alternator bẹntiróòlù rọ́pò ti dísẹ́ẹ̀lì tó ní pọ́ǹpù vacuum (tó ń fa afẹ́fẹ́) lẹ́yìn. Pọ́ǹpù yẹn ló ń ran bíréèkì lọ́wọ́; láìsí i, bíréèkì á le gan-an, ẹ ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ tó dúró.

Heater plug, tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná kó tó gbiná, ni wọ́n ń fojú di jù níhìn-ín, torí lọ́sàn-án gangan ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì á gbiná láìsí i. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọyẹ́, pickup tó fẹ́ lọ kó gbágùúdá lọ́nà Ìkòyí-Ilé á máa yí títí bátìrì á fi kú. Heater plug mẹ́rin ń fa iná tó tó 40A, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀. Relay (suwíìṣì tó ń tan iná ńlá) 30A á yọ́. Ẹ lo èyí tó tó 70A, wáyà 10mm², àti fíùsì 80A nítòsí bátìrì. Ẹ má lo wáyà iná ilé tí bàbà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á ṣẹ́ ẹ. Ẹ ka iye volt tó wà lára plug pẹ̀lú: èyí tó jẹ́ 6V, tí ẹ bá fún un ní 12V lọ bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ á wú, ó sì lè já sínú ẹ́ńjìnnì. Láti mọ èyí tó ti jó, ẹ yọ irin tó so wọ́n pọ̀, kí ẹ so gílóòbù láti pọ́sítíìfù bátìrì mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá tan gílóòbù ti kú.

Ti géèjì ò le: ẹ lo sensọ tó bá géèjì inú ọkọ̀ mu, ẹ má sì wé tape mọ́ ẹnu rẹ̀ jù, torí ara ẹnu yẹn ló ti ń gba earth.

Bí ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ rà bá jẹ́ èyí tó ń lo brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì), ẹ má dá ẹ́ńjìnnì nìkan rà. Ẹ gba brain box, gbogbo wáyà rẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Ẹ dúró ti ẹni tó ń tú u, kó tú wáyà níbi jákì tí wáyà ti so pọ̀, kó má fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹ sì ya fọ́tò jákì kọ̀ọ̀kan kó tó yọ ọ́.