Bí wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀kùn ọkàn ṣe fún ọmọ tí ibà làkúrègbé bá jà

Ọ̀fun dídùn ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ibà làkúrègbé (rheumatic fever). Kòkòrò Streptococcus wọ ọ̀fun ọmọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà ṣìnà, ó sì kọjú sí oríkèé àti ọkàn. Ọmọ ọdún 5 sí 15 ló ń mú jù. Oríkèé á sàn. Ilẹ̀kùn ọkàn ni kì í sábà bọ̀ sípò, pàápàá mitral, tó wà láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀ lápá òsì: okùn tín-ín-rín tó dì í mú á nà tàbí kó já, ewé rẹ̀ méjèèjì ò ní pàdé mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣẹ́rí padà.

Bí ọmọ bá lè fara dà á, wọn kì í ṣe iṣẹ́ abẹ nígbà tí ọkàn ṣì wú. Ewé ilẹ̀kùn tó wú dà bí bébà tó rin: òwú á fà á ya. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ọmọ ní prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, àti oògùn tó ń mú un tọ̀, wọ́n á sì máa wo CRP, àmì wíwú nínú ẹ̀jẹ̀, títí yóò fi wálẹ̀. Àmọ́ bí okùn bá já lójijì tí omi kún ẹ̀dọ̀fóró, kò sí ìdúró mọ́.

Lórí tábìlì, ẹ̀rọ á gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe; omi tútù tó ní pọtásíọ̀mù ló ń dá ọkàn dúró. Okùn tó nà, wọ́n á gé e kúrú tàbí kí wọ́n fi òwú Gore-Tex rọ́pò rẹ̀. Ewé tó súnkì, awọ tó bo ọkàn ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ awọ ọ̀hún sínú glutaraldehyde, kẹ́míkà tó ń mú awọ le, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n á wá rán òrùka mọ́ etí ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ gba ọgbọ́n: òrùka tó kéré jù, ọmọ á dàgbà kọjá rẹ̀, ilẹ̀kùn á há. Bí ọkàn bá ti ń lù padà, wọ́n á fi ẹ̀rọ echo, tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, wò ó láti ọ̀nà ọ̀fun. Bó bá ṣì ń jò púpọ̀, wọ́n á tún un ṣe kí wọ́n tó pa àyà dé.

Kí ló dé tí wọn ò kàn pààrọ̀ rẹ̀? Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ẹran ara màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe tètè máa ń gan lára ọmọdé. Ti irin ń pẹ́, ṣùgbọ́n Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni lójoojúmọ́ ayé, kí INR, òǹkà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, má sì kúrò láàárín 2.5 sí 3.5: bó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ ilẹ̀kùn, bó bá ga, ẹ̀jẹ̀ á máa ya. Ẹ̀fọ́ pàápàá, torí ó lè yí INR padà, ìwọ̀n kan náà ni kí ọmọ máa jẹ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin tó bá lóyún lọ́la, oògùn yìí lè ṣe oyún náà ní jàǹbá.

Iṣẹ́ abẹ kì í lé ibà náà lọ. Abẹ́rẹ́ benzathine penicillin ní ìdí, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò náà tún mú ọmọ, lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, ṣì ń tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún: yúníìtì 1,200,000, ìdajì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì wúwo. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tún ṣe tó tún bẹ̀rẹ̀ sí jò, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ni káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ náà.