Igbó Dípò Igbó: Bí Onílẹ̀ Ṣe Ń Gbowó Nítorí Igi Tí Kò Gé

Ká ní wọ́n fẹ́ la ọ̀nà gba inú igbó kan lápá Ọ̀dẹ̀dá, lẹ́yìn Abẹ́òkúta, ọ̀gànwó mẹ́jọ sì dúró sójú ọ̀nà náà. Ọ̀gànwó, apá àti orógbó wà lára igi tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ẹ̀dá, kọ sílẹ̀ pé wọ́n wà nínú ewu. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé ṣé ọ̀nà náà ò lè yà fún àwọn igi náà. Bí kò bá lè yà, ṣé wọn ò lè dín ìbú rẹ̀ kù kí igi tó máa lọ má ju mẹ́ta lọ? Àwọn mẹ́ta yẹn ni wọ́n ń wá gbà-máà-bínú fún. Ẹni tó bá ti ibi gbà-máà-bínú bẹ̀rẹ̀ ti dorí ọ̀rọ̀ kodò.

Igbó ẹlòmíì ni gbà-máà-bínú náà. Ẹni tó ní ilẹ̀ tí ọ̀gànwó ṣì wà á tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní ro ó, òun ò ní sun ún, òun ò sì ní tà á fún agégẹdú. Ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà ló máa sanwó rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ New South Wales, ní Ọsirélíà, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2016.

Orí kíkà ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Nínú igbó bíi ti Ọ̀dẹ̀dá, onímọ̀ ewéko á fi tépù yí igi ká níbi tó fi mítà 1.3 ga sílẹ̀, á sì ka àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń hù nísàlẹ̀. Á wo èèpo rẹ̀ dáadáa, torí èèpo ọ̀gànwó kì í sinmi lọ́wọ́ àwọn tó ń se àgbo ibà. Èyí tí wọ́n bá bó èèpo rẹ̀ yí po ti ń kú lóòró, bó tilẹ̀ ṣì léwé lórí.

Ohun tó bá kà ló ń di kirẹ́díìtì, ìyẹn ìwọ̀n igbó tí wọ́n dá sí, tí onílẹ̀ máa tà fún ẹni tó fẹ́ gé igi níbòmíì. Irú igi kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá: oko tíìkì kò lè san gbèsè ọ̀gànwó. Igbó tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ dá lóko tẹ́lẹ̀, bí igbó Orò, kì í fi bẹ́ẹ̀ mówó wá, torí owó náà ò gba igi kankan là níbẹ̀.

Apá àkọ́kọ́ nínú owó náà máa ń lọ sínú àpò kan tí àjọ ìjọba ń tọ́jú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, kó fi tu èpò, kó fi ṣọ́ iná. Owó títà tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn apá àkọ́kọ́ yìí jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá rí kirẹ́díìtì rà lè san owó fún àjọ náà, kí wọ́n bá a wá a. Ibẹ̀ ló ti ń wọ́: lọ́dún 2022, ayẹ̀wé-owó-wò ìpínlẹ̀ náà sọ pé ọ̀pọ̀ irú kirẹ́díìtì ni ẹnikẹ́ni ò tíì rà rí.

Àdéhùn náà wà títí láé, inú ìwé ilẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí, kí ẹni tó bá ra ilẹ̀ náà lè bá a níbẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin EIA ọdún 1992, tó dá lórí àyẹ̀wò ìpalára iṣẹ́ sí àyíká, ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá sọ bó ṣe máa dín ìpalára kù. Bí a bá fẹ́ ṣe irú àdéhùn yìí níbí, ìwé ilẹ̀ ló máa fa wàhálà. Ọdún 99 ni C of O sábà máa ń ní, ọ̀pọ̀ igbó tó yí Abẹ́òkúta ká sì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí. Bí wọ́n bá ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí olórí ẹbí, òfo ni lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Nítorí náà, kí onímọ̀ tó mú tépù wọgbó, ó yẹ kí wọ́n ti pe ìdí igi kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí náà jókòó, kí aṣojú wọn sì ti tọwọ́ bọ̀wé.