Ìdí Ààrò Ni Ìkòkò Tí A Fi Igi Sun Ti Ṣẹ̀

A ń sun ẹran, a ń sun ìkòkò: ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún méjèèjì. Èmi ò gbà pé ó ṣèèṣì. Ebi ló ń pa ẹni tó kọ́kọ́ mọ ìkòkò, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ló ń wá, ìdí ààrò ló sì ti rí ọgbọ́n rẹ̀.

Ẹ wo Ounjougou lórí òkè Bandiagara ní Mali. Àfọ́kù ìkòkò tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí níbẹ̀ ti lé ní 11,000 ọdún. Òjò ti padà sí ilẹ̀ náà lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn, koríko sì hù rẹpẹtẹ. Hóró koríko kì í ṣe ohun tí a ń jù sórí ẹyín iná bí ẹran. Omi ló ń fẹ́, kí a sì sè é títí yóò fi rọ̀. Mo máa ń fojú inú rí obìnrin kan tó fi amọ̀ rẹ́ inú agbọ̀n kí hóró rẹ̀ má baà jò dànù, tí agbọ̀n náà sì jóná lọ́jọ́ kan. Nígbà tó wa eérú kúrò, amọ̀ ti le gbandi, ó ń dún kọ́kọ́ tó bá fi èékánná kàn án. Ó bu omi sí i, kò yòrò. Ó sì lè jẹ́ kòtò ìdáná tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ló kọ́ wọn. Èyí ó wù kó jẹ́, igi ìdáná ló ṣe é.

Àwọn kan sọ pé Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ni ìkòkò ti bá iṣẹ́ àgbẹ̀ wá. Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: wọ́n ti ń roko níbẹ̀ fún ohun tó lé ní 1,000 ọdún kí wọ́n tó mọ ìkòkò. Ti ihò Xianrendong ní Ṣáínà dàgbà ju tiwa lọ, bí 20,000 ọdún, n kò jiyàn. Àmọ́ oúnjẹ olúkúlùkù ló kọ́ ọ. Ọ̀rá ẹja ni wọ́n bá lára ìkòkò àtijọ́ ní Japan. Ní Takarkori ní Líbíà, hóró koríko àti ewéko inú omi ni wọ́n ti sè nínú tiwọn, gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò tó jáde ní 2016 ṣe fi hàn.

Ìyókù ò gùn. Iná gbangba kì í sábà kọjá 900 Celsius. Nígbà tí wọ́n kọ́ ìléru, tó wọ 1,200, eérú igi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sára àwo bíi díńgí. Ọgbọ́n ìléru gígùn ti Kòríà dé Japan ní ọ̀rúndún karùn-ún. Àwọn ará Jámánì ń da iyọ̀ sínú iná kí ara ìkòkò lè dán. Gáàsì àti iná mànàmáná ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà báyìí.

Ní Bizen, ìlú àwọn amọ̀kòkò ní Japan, igi ni wọ́n ṣì ń lò. Wọ́n ń fi koríko ìrẹsì gbígbẹ wé àwo kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra nínú ìléru. Koríko á jóná tán, ipa rẹ̀ á sì kù lára àwo ní ìlà pupa.